Ọjọ́ Tí Ọláníyan Yọ Ilẹ̀kùn Ayálégbé Rẹ̀

Òórùn ni ó kọ́kọ́ jí nínú ilé náà. Kí àkùkọ tó kọ, kí ẹni tí ń pe ìrun ní mọ́ṣáláṣí ìsàlẹ̀ tó gbé ohùn sókè, òórùn epo bẹntiróòlù ti gba abẹ́ ilẹ̀kùn yàrá kẹrin jáde, ó ti la ọ̀dẹ̀dẹ̀ kọjá, ó ti wọ yàrá gbogbo láìkan ilẹ̀kùn, ó sì ti jókòó sí imú àgbà àti ọmọdé bí àlejò tí kò ní ilé tí yóò padà sí. Oṣù kìíní ọdún ni. Ọyẹ́ mú ní Ẹdẹ débi pé ètè ń la, tí ewé ń gbẹ lórí igi bí bébà. Síbẹ̀ kò sí ẹni tí ó gbọdọ̀ dáná nínú ilé náà tàbí ní ẹ̀yìnkùlé rẹ̀. Ọjọ́ mẹ́sàn-án gbáko ni àwọn ará ilé fi ń jẹ ẹ̀kọ tútù nínú òtútù.

"Ṣé ẹ ń gbọ́ ọ?" Yẹ́misí bi ọkọ rẹ̀. Ó jókòó sí etí ibùsùn, ó gbé Ìrètí, ọmọ tí Fúnkẹ́ ọmọbìnrin wọn bí, lé itan. Ọmọ náà kò tíì pé ọdún méje, ikọ́ efé sì a máa bá a jà. Bí ó bá mí, àyà rẹ̀ a dún bí fèrè tí omi wọ̀.

"Mo ń gbọ́ ọ."

"Láti ọjọ́ mẹ́sàn-án ni ẹ ti ń gbọ́ ọ, Bàbá Fúnkẹ́."

Ọláníyan dìde. Ọ̀gá àgbà ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni kí ó tó fẹ̀yìn tì, ọ̀kan nínú àwọn àgbà ìjọ Áńgílíkà ni títí di òní, kò sì fẹ́ràn kí ènìyàn bi òun ní ìbéèrè tí òun mọ ìdáhùn rẹ̀. Yàrá mẹ́fà ni ó wà nínú ilé tí bàbá rẹ̀ fi sílẹ̀ fún un: méjì iwájú ni òun àti aya rẹ̀ ń gbé, ayálégbé ni ó wà nínú mẹ́rin ẹ̀yìn. Ó wá bàtà rẹ̀ lábẹ́ ibùsùn, ó jáde.

Afọlábí, ayálégbé yàrá kẹrin, ń fi àgádágodo ńlá ti ilẹ̀kùn rẹ̀. Ọ̀dọ́kùnrin tí kò tíì pé ọgbọ̀n ọdún ni. Etí títì ní Sekona ni ó ti ń ta epo bẹntiróòlù nínú kẹ́ẹ̀gì fún àwọn ọlọ́kadà àti fún ẹni tí epo bá tán mọ́ lọ́nà. Kẹ́ẹ̀gì méjì wà ní ẹsẹ̀ rẹ̀, ó ti di ẹnu wọn ní ọ̀rá.

"Ẹ káàárọ̀, sà." Ó fi ìka kan ilẹ̀.

"Mélòó ni ó kù nínú yàrá yẹn, Afọlábí?"

"Mélòó kí ni, sà?"

"Kẹ́ẹ̀gì."

"Kò pọ̀, Bàbá."

"Iye ni mo béèrè."

"Ẹ̀yin náà ẹ wò ó, sà. Bí mo bá fi sí ìsọ̀, wọn yóò jí i. Bí mo bá gbé e pamọ́ sínú igbó, wọn yóò jí i. Ibi tí mo sùn sí nìkan ni ó lè gbé. Qúdrát ìyàwó mi wà lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀ ní Awo, bí kò bá bímọ lọ́sẹ̀ yìí, yóò bí i lọ́sẹ̀ tí ń bọ̀. Kí ni ẹ fẹ́ kí n fi sọ ọmọ lórúkọ, ẹ̀kọ tútù?"

"Ẹ̀kọ tútù ọ̀hún, ìwọ ni o sọ wá di ẹni tí ń jẹ ẹ́!" Àwáwù, ìyá Fawziyah, ni ó sọ bẹ́ẹ̀ láti ojú ọ̀nà. Yàrá karùn-ún ni tirẹ̀. Àkàrà ni ó ń dín. Ẹ̀yìnkùlé ni àdògán rẹ̀ máa ń wà tẹ́lẹ̀. Ní báyìí, ó ti gbé e lọ sí òdìkejì títì. "Eruku ọkọ̀ ni iyọ̀ àkàrà mi báyìí. Àwọn oníbàárà mi ń jẹ ẹ́, wọ́n ń wúkọ́, wọ́n ní ata ni. Afọlábí, bí iná bá ṣẹ́ nínú ilé yìí, a kò ní rí eérú rẹ kó. Ìtùfù ni ìwọ ń fi ara rẹ ṣe!"

"Ìyá Fawziyah, ẹ ṣe àdúà rere fún mi o."

"Rere ni mo ń ṣe. Mo ní kí Ọlọ́run gbé epo rẹ níyì, kí ó gbé e jìnnà sí mi."

Afọlábí rẹ́rìn-ín. Fawziyah tí ń fọ abọ́ rẹ́rìn-ín pẹ̀lú. Ọláníyan kò rẹ́rìn-ín.

"Kí o kó o jáde lónìí," ni ó wí, "kí oòrùn tó wọ̀. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ìwọ àti òun ni yóò jọ jáde."

Ọ̀dọ́kùnrin náà nà ró. Ọ̀wọ̀ ṣì wà nínú ohùn rẹ̀, ṣùgbọ́n ó ti tutù bí ẹ̀kọ àná. "Bàbá, mo ti san owó ọdún yìí pé pérépéré. N kò jẹ yín ní kọ́bọ̀. Bí ẹ bá ní ẹjọ́ mi í rò, kóòtù kò jìnnà sí ibí. Ẹsẹ̀ ni a fi ń rìn ín."

Ó so kẹ́ẹ̀gì mọ́ ẹ̀yìn ọ̀kadà rẹ̀, ó kí wọn pé ó dàbọ̀ bí ẹni tí kò sọ nǹkan kan, ó lọ.

Ọ̀rọ̀ náà wọ Ọláníyan lára. Ó padà wọ yàrá, ó dúró ti fèrèsé. Yẹ́misí ti wọ aṣọ fún ọmọ.

"Òótọ́ kan ni ọmọ yẹn sọ lónìí," ni aya rẹ̀ wí. "Ẹ jẹ́ kí a rìn ín."

*

Orí òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tí ó kọjú sí kóòtù ni ọ́fíìsì agbẹjọ́rò Ayọ̀bámi wà. Ọláníyan ni ó kọ́ ọ ní ìwé kẹrin, ìdí nìyí tí kò fi jókòó títí tí ọ̀gá rẹ̀ fi jókòó. Ó gbọ́ gbogbo ọ̀rọ̀ náà láìdá a mọ́ wọn lẹ́nu. Ó wo ọmọ tí ó fi ara ti ìyá-ìyá rẹ̀, ó gbọ́ bí àyà rẹ̀ ti ń dún.

"Ọ̀gá," ni ó wí, "nǹkan méjì ni ẹ gbé wá síwájú mi, ẹ má jẹ́ kí wọ́n dàrú mọ́ra. Ènìyàn ni ọ̀kan, epo ni èkejì. Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mú ènìyàn. Ayálégbé tí ń san owó ọdún ni, ó sì ti san án. Bí a bá fẹ́ kí irú rẹ̀ jáde lásán, ìwé oṣù mẹ́fà ni a ń fún un."

"Oṣù mẹ́fà kẹ̀!" Yẹ́misí fi ọwọ́ kan orí ọmọ. "Ṣé epo ni eléyìí yóò máa mí fún oṣù mẹ́fà?"

"Mo ń bọ̀ níbẹ̀, Mọ́mì. Bí ayálégbé bá sọ ilé di ohun tí ó lè pa ará ilé, òfin kò ní kí onílé káwọ́ gbera títí yóò fi pa wọ́n. A óò fún un ní ìwé ọjọ́ méje. A óò búra níwájú akọ̀wé kóòtù pé ọ̀rọ̀ yìí kò gba sùúrù, a óò sì bẹ adájọ́ kí ó gbọ́ ọ kíákíá. Mo ti rí èyí tí wọ́n gbọ́ láàrin ọ̀sẹ̀ kan. Ṣùgbọ́n ìbéèrè kan ni adájọ́ yóò bi wá: ta ni ó rí epo náà? Ẹnu yín kò tó, sà, nítorí ẹ̀yin ni ẹ ń bá a jà."

"Gbogbo ilé ni ó mọ̀."

"Gbogbo ilé lè gbàgbé. Ẹ gbọ́ mi. Kí ẹ tó dé ilé, ẹ yà sí àgọ́ ọlọ́pàá, kí ẹ sì pe àwọn panápaná. Ẹ má ní kí wọ́n wá lé Afọlábí. Ẹ ní kí wọ́n wá wo epo. Epo kì í ṣe ayálégbé, Ọ̀gá. Kò sí ìwé tí a ń fún epo kí ó tó jáde. Ọlọ́pàá yóò bá a nínú yàrá rẹ̀, lábẹ́ àgádágodo rẹ̀. Wọn yóò kó o lọ lónìí, wọn yóò sì kọ ọ́ sílẹ̀. Ọmọ yìí yóò sùn láìwúkọ́ lálẹ́ òní. Àkọsílẹ̀ wọn ni èmi yóò gbé tọ adájọ́ lọ lọ́la."

Ìgbà tí ó sìn wọ́n dé orí àtẹ̀gùn, ó rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀. "Mo mọ ohun tí àwọn onílé ń ṣe ní ìlú yìí, sà. Ẹ má ká páànù orí rẹ̀. Ẹ má gé iná rẹ̀. Ẹ má fọwọ́ kan ilẹ̀kùn rẹ̀. Ibẹ̀ ni aláre ti ń di ẹlẹ́bi. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú..." Ó dá a dúró níbẹ̀. Kò sí ọmọ kan tí ó jókòó níwájú Ọláníyan rí tí kò mọ ìyókù.

"O kò gbàgbé ẹ̀kọ́ rẹ," ni Ọláníyan wí.

"Ẹgba yín kò jẹ́ kí n gbàgbé, sà."

*

Ní oríta, apá òsì ni a ń yà sí àgọ́ ọlọ́pàá. Ọláníyan kò yà. Yẹ́misí dúró sí agbede-méjì títì, ó di ọwọ́ ọmọ mú.

"Ọ̀nà ibẹ̀ yẹn kọ́."

"Ilé ni mò ń lọ."

"Lọ́yà ní kí a..."

"Mo gbọ́ ohun tí lọ́yà wí, èmi kì í ṣe adití." Ó padà sẹ́yìn kí àwọn tí ń kọjá má baà gbọ́ ohùn rẹ̀. "Yẹ́misí, bàbá mi kọ́ ilé yẹn, ó gbé e, inú rẹ̀ ni ó kú sí. Bàtà ọlọ́pàá kò tẹ ẹnu ọ̀nà rẹ̀ rí láti ọjọ́ tí ó ti wà. Ṣé kí wọ́n wá gbé ọkọ̀ wọn sí iwájú ilé mi ní ọ̀sán gangan? Kí àwọn ará ìjọ tí ń ti ìpàdé bọ̀ máa béèrè pé kí ni Ọ̀gá Ọláníyan gbé?"

"Ta ni yóò rò pé ẹ jalè?"

"Mo mọ ẹnu ayé."

"Ẹnu ayé kò lè bá ọmọ mí."

Ó gbọ́ ọ, ṣùgbọ́n ó ti ń mú fóònù rẹ̀ jáde. "Ilẹ̀kùn tí ó wà lẹ́nu yàrá yẹn, èmi ni mo rà á. Mo fẹ́ ilẹ̀kùn mi. Ẹni tí kò bá ní ilẹ̀kùn, kò sí ẹni tí yóò kọ́ ọ bí a ti ń kó ẹrù. Bí àwọn bàbá wa ti ń ṣe é nìyẹn, láìsí ariwo, láìsí ọlọ́pàá, tí onílé yóò ṣì jẹ́ onílé."

Ọdún méjìdínlógójì ni wọ́n ti jọ ń gbé, Yẹ́misí sì mọ ibi tí ọ̀rọ̀ ọkọ rẹ̀ máa ń parí sí. Ó tún ìborùn rẹ̀ so, ó tẹ̀lé e.

*

Jacob ni orúkọ káfíńtà tí ó dé lẹ́yìn wákàtí kan. Kò sí onílé tí kò ní nọ́ńbà rẹ̀ ní apá ibẹ̀. "Kíkan ilẹ̀kùn ni mo lọ kọ́ lọ́dọ̀ ọ̀gá mi," ni òun fúnra rẹ̀ máa ń wí, "ṣùgbọ́n yíyọ rẹ̀ ni ó ń bọ́ mi." Ó gbé àpò irinṣẹ́ kọ́ èjìká wọlé, ó ń fọn fèrè lẹ́nu. Ní iwájú yàrá kẹrin, fèrè náà dá.

"Ọ̀gá, kí ni ó wà nínú ibí?"

"Ilẹ̀kùn ni mo pè ọ́ fún."

"N kò ní fi òòlù kan irin níbí o. Ìjà tí èmi àti ìyàwó mi bẹ̀rẹ̀ ní àná kò tíì parí, n kò sì fẹ́ kí ó jẹ́ pé òun ni ó borí."

Ó fi irin pẹlẹbẹ tú àwọn ìdè ilẹ̀kùn náà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí ẹni tí ń yọ ẹ̀gún lẹ́sẹ̀ ọmọ. Ó tú irin tí àgádágodo kọ́ sí. Ó gbé ilẹ̀kùn kúrò; àgádágodo ń fì lára rẹ̀, ní títì bí Afọlábí ti tì í ní òwúrọ̀.

Òórùn tí igi ti dá dúró fún ọjọ́ mẹ́sàn-án jáde lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Jacob fi apá bo imú. Nínú yàrá, kẹ́ẹ̀gì ni ó kún ilẹ̀ láti ògiri dé ẹsẹ̀ ibùsùn. Yẹ́misí ka mẹ́rìndínlógún. Ọ̀kan ń jò sínú abọ́ ike, ìró rẹ̀ ń kán tó, tó, tó. Lórí ibùsùn, aṣọ ọmọ titun mẹ́fà wà ní kíká, fìlà tí kò ju ìkúùkù lọ wà lórí wọn.

Àwọn ayálégbé jáde dúró ní ẹnu yàrá wọn. Àwáwù tí ó ti títì wá wo kẹ́ẹ̀gì fún ìṣẹ́jú kan, ṣùgbọ́n ilẹ̀kùn ni ó wò jù. Ó wo bí Ọláníyan àti Jacob ti gbé e gba iwájú rẹ̀ kọjá lọ sínú yàrá ìgbàlejò onílé. Lẹ́yìn náà ni ó yí ojú padà, ó wo ilẹ̀kùn tirẹ̀. Pàṣán tí a fi na ìyálé, ó ń bẹ lájà fún ìyàwó. Ó padà sí ìdí àdògán rẹ̀ láìdápàárá.

"Ẹ pè wọ́n nísinsìnyí," Yẹ́misí wí. "Ó ti wà ní gbangba. Ẹ jẹ́ kí wọ́n wá rí i bí ó ti wà yìí."

"Yóò kó o fúnra rẹ̀ nígbà tí ó bá dé bá a báyìí. Ìwọ ṣáà máa..."

Kò parí rẹ̀. Ìrètí tí ó dúró ní ẹnu ọ̀nà yàrá ìgbàlejò ti di ara ilẹ̀kùn náà mú. Ó la ẹnu, afẹ́fẹ́ kò wọlé. Ètè rẹ̀ ti ń dúdú lọ bí aró. Yẹ́misí kígbe kan ṣoṣo. Ó gbé ọmọ, ó sáré bọ́ sí títì, Ọláníyan tẹ̀lé e láìdé fìlà. Àwáwù ni ó dá ọ̀kadà méjì dúró fún wọn.

*

Ní ilé ìwòsàn, wọ́n fi ike bo imú àti ẹnu ọmọ náà. Ó tó wákàtí méjì kí àyà rẹ̀ tó rọlẹ̀. Nọ́ọ̀sì tí ń tọ́jú rẹ̀ gbọ́ òórùn ara aṣọ rẹ̀, ó gbé ojú sókè.

"Kí ni ẹ fi ọmọ yìí fà símú?"

Ọláníyan ń wo ilẹ̀. Yẹ́misí ni ó sọ ọ́.

"Kì í ṣe oògùn mi ni yóò wò ó, Mọ́mì," ni nọ́ọ̀sì wí. "Bí ẹ bá gbé e padà sínú òórùn yẹn lónìí, ẹ má gbé e wá bá mi lọ́la, nítorí ó lè má dé ọ̀dọ̀ mi."

Wọ́n ra gààrí àti ẹ̀pà ní ẹnu ọ̀nà ilé ìwòsàn. Ọmọ nìkan ni ó jẹ níbẹ̀.

*

Nígbà tí wọ́n padà dé, oòrùn ti ń rọlẹ̀. Àdògán Àwáwù ti tutù, ó ti gbé agbada rẹ̀ wọlé. Nínú eruku iwájú ilé, ojú ẹsẹ̀ táyà kẹ̀kẹ́ Márúwá wà: ó wọlé, ó jáde, ó wọlé, ó jáde, ó tún wọlé, ó tún jáde. Yẹ́misí kà á: ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n ti kó nǹkan jáde. Ọkọ̀ ọlọ́pàá ni ó wà lórí ojú ẹsẹ̀ náà.

Afọlábí jókòó sí ẹnu àtẹ̀gùn, ó ká ọwọ́ lérí. "Wọ́n ti tú mi ní ilé! Owó tí mo fi pamọ́ fún ọjọ́ ìsọmọlórúkọ! Gbogbo rẹ̀ ni wọ́n ti kó!"

Obìnrin sájẹ́ńtì kan àti ọlọ́pàá mìíràn dúró ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Sájẹ́ńtì náà kúnlẹ̀ díẹ̀ kí àgbàlagbà. "Bàbá, ẹ̀yin ni ẹ ni ilé?"

"Èmi ni."

"Ilẹ̀kùn tí mo rí nínú yàrá ìgbàlejò yín, ẹnu yàrá wo ni ó ti kúrò?"

Ọláníyan gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá lọ sí yàrá kẹrin. Yàrá náà ṣófo. Wọ́n ti gbá ilẹ̀ rẹ̀, wọ́n ti fi omi wọ́n ọn. Níbi tí omi ti ń gbẹ, òǹtẹ̀ ìdí kẹ́ẹ̀gì hàn fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́. Aṣọ ọmọ titun ni ó fọ́n káàkiri ilẹ̀.

"Níbo ni kẹ́ẹ̀gì wà?"

"Kẹ́ẹ̀gì wo, sà?" Afọlábí bi í láti ìta. Nínú ohùn rẹ̀, kò sí ẹkún mọ́.

"Mẹ́rìndínlógún! Ìyàwó mi kà á! Epo bẹntiróòlù ni ó kún ibí láàárọ̀ yìí. Ẹ fi imú yín gbóòórùn ara ògiri!"

"Mo gbọ́ òórùn, Bàbá," ni sájẹ́ńtì wí. "Ṣùgbọ́n n kò lè gbé òórùn sínú ọkọ̀. Ilẹ̀kùn nìkan ni mo rí. Ṣé ẹ ya àwòrán epo náà?"

"Ọmọ ń kú lọ lọ́wọ́ wa. Ta ni ó rántí àwòrán?"

"Ta ni ó tún rí i?"

Yẹ́misí yíjú sí Àwáwù tí ó fi ara ti ògiri, ọwọ́ rẹ̀ lórí èjìká Fawziyah. "Ìyá Fawziyah, o wà níbí. O rí i. O sì rí kẹ̀kẹ́ tí ó wá kó o."

"Èmi? Mo sùn, Mọ́mì."

"Ìwọ tí o kì í sùn lọ́sàn-án?"

"Ó gbé mi lọ lónìí ni." Kò wo ojú Yẹ́misí. Ó wo ibi tí ilẹ̀kùn yàrá kẹrin ti máa ń wà.

Sájẹ́ńtì náà dúró kí ẹlòmíràn sọ̀rọ̀. Kò sí ẹlòmíràn. Ó wá bi Ọláníyan, kò fi ìgbóná bi í, àánú ni ó wà nínú ohùn rẹ̀: "Bàbá, nígbà tí epo náà wà níbẹ̀, ta ni ẹ pè?"

Ọláníyan yíjú sí yàrá ìgbàlejò, níbi tí ilẹ̀kùn náà wà.

Wọ́n ní kí ó tẹ̀lé àwọn. Ó fẹ́ rìn, wọ́n ní kí ó wọ ọkọ̀. Bí ó ti ń gbé ẹsẹ̀ wọlé, àwọn obìnrin ìjọ mẹ́ta ń ti ìpàdé bọ̀. Ọ̀kan ti wí pé, "Ọ̀gá, ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o," kí ó tó rí ẹni tí ó jókòó tì í. Ó yára wo òkè bí ẹni pé òjò fẹ́ rọ̀ nínú oṣù kìíní.

Àwáwù sún mọ́ Yẹ́misí nígbà tí eruku ọkọ̀ rọlẹ̀. "Mọ́mì, ẹ má bá mi bínú. Mo fẹ́ràn Ìrètí bí mo ti fẹ́ràn Fawziyah. Ṣùgbọ́n èmi náà, ayálégbé ni mí. Bí mo bá bá onílé jẹ́rìí pé ó tọ́ kí ó yọ ilẹ̀kùn ẹlẹ́ṣẹ̀, lọ́jọ́ tí mo bá ṣẹ̀ ẹ́ ńkọ́?"

Yẹ́misí fa Ìrètí mọ́ra. Kò sì dá a lẹ́bi.

*

Ayọ̀bámi bá wọn ní àgọ́ ọlọ́pàá. Kò bá ọ̀gá rẹ̀ wí. Èyí ni ó dun Ọláníyan jù. Ó ka ìwé tí wọ́n gbé síwájú rẹ̀ ní ohùn jẹ́jẹ́: pé Ọláníyan yóò dá ilẹ̀kùn padà lónìí, pé kò ní yọ ayálégbé náà lẹ́nu mọ́, pé bí ó bá fẹ́ kí ó jáde, kóòtù ni yóò lé e. Ọláníyan fọwọ́ sí i. Ìkọ̀wé rẹ̀ tí ó máa ń tò bí ọmọ ilé ìwé lórí ìlà wọ́ lórí bébà náà.

"Ẹjọ́ kánjúkánjú ńkọ́?" ni ó béèrè.

"Pẹ̀lú kí ni, Ọ̀gá? Àgádágodo ọmọ yẹn ni ó ń bá wa ṣọ́ ẹ̀rí wa kí a tó tú u. Ìwé tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ fọwọ́ sí yìí ni agbẹjọ́rò rẹ̀ yóò kọ́kọ́ gbé dìde. Ìwé oṣù mẹ́fà ni yóò kù fún wa." Ó ká àwọn bébà rẹ̀ pọ̀. "Bí ó bá tún gbé epo wọlé, kódà kí ó jẹ́ kẹ́ẹ̀gì kan, ẹ má sọ̀rọ̀, ẹ má bínú, ẹ pe nọ́ńbà sájẹ́ńtì yẹn lójú ẹsẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, sà."

Jacob ti ń dúró nígbà tí ó dé ilé. Ó kan ilẹ̀kùn náà padà sí ẹnu yàrá kẹrin, ó fi òòlù kàn án báyìí, kò bẹ̀rù. Owó iṣẹ́ méjì ni ó sì gbà lórí ilẹ̀kùn kan ní ọjọ́ kan. Afọlábí dúró tì í, ó ń bá a di igi mú.

Kò tíì ṣú tán nígbà tí kẹ̀kẹ́ Márúwá dé. Afọlábí kò sáré, kò sì yọ́ rìn. Kẹ́ẹ̀gì méjì méjì ni ó ń gbé wọlé, ó ń gba iwájú yàrá ìgbàlejò kọjá, ó sì ń kí wọn ní gbogbo ìgbà tí ó bá kọjá.

"Ẹ kú ìrọ̀lẹ́, sà."

Yẹ́misí gbé fóònù fún ọkọ rẹ̀. "Ẹ pè wọ́n."

Ọláníyan gbà á. Ó wá nọ́ńbà náà, ó rí i. Ó wo ìta níbi tí ọkọ̀ ọlọ́pàá ti dúró ní ìrọ̀lẹ́. Àwọn ará àdúgbò méjì ṣì wà níbẹ̀, wọ́n ń sọ̀rọ̀ ní ìdákẹ́jẹ́. Ó gbé fóònù náà sí orí tábìlì.

"Kì í ṣe ẹ̀ẹ̀mejì lọ́jọ́ kan, Yẹ́misí. Kí wọ́n má tún wá síbí lónìí. Lọ́la."

Afọlábí kọjá. "Ẹ kú ìrọ̀lẹ́, sà."

Ìrètí wúkọ́ lẹ́ẹ̀kan.

Yẹ́misí dìde. Kò gba fóònù náà, nítorí fóònù ọkọ rẹ̀ ni, ilé ọkọ rẹ̀ ni, ọ̀rọ̀ ilé ọkọ rẹ̀ sì ni. Ó wọ yàrá. Wọ́n gbọ́ bí ó ti ń ṣí àpótí. Ó di aṣọ ọmọ, ó di tirẹ̀, ó di ìṣasùn kan àti kóǹgò gààrí, ó fi ẹní ká gbogbo rẹ̀ mọ́ra. Ìlú Ara ni ilé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin wà. Bí ó bá yára, yóò bá ọkọ̀ ìkẹyìn.

"Ìyá Fúnkẹ́," Ọláníyan wí.

Ó dúró kí ó gbọ́ ìyókù. Ìyókù kò wá.

Ó wọ́ ẹrù náà dé ẹnu ọ̀nà, ó so ìgbànú, ó tẹ́ òṣùká lérí, ó bẹ̀rẹ̀. Ẹrù náà wúwo ju ohun tí ẹnì kan lè dá gbé ru ara rẹ̀. Ó wo ẹ̀yìn. Ọkọ rẹ̀ jókòó sí ibi tí ó jókòó sí, ó ń wo ọwọ́ ara rẹ̀. Ilẹ̀kùn Àwáwù wà ní títì, ìmọ́lẹ̀ ń bẹ lábẹ́ rẹ̀. Afọlábí ni ó ń ti ẹnu kẹ̀kẹ́ bọ̀. Nígbà tí ó rí i, ó gbé kẹ́ẹ̀gì méjèèjì sílẹ̀, ó nu ọwọ́ mọ́ ṣòkòtò.

"Ẹ jẹ́ kí n gbé e rù yín, Mọ́mì."

Ó gbé ẹrù náà tagbára tagbára, ó gbé e lé ìyàwó onílé lórí, ó sì di í mú títí ọrùn rẹ̀ fi dúró.

"Ṣé ó jókòó?"

"Ó jókòó."

"Ẹ rọra o. Òkúta pọ̀ lójú ọ̀nà yẹn."

Yẹ́misí na ọwọ́ sẹ́yìn, Ìrètí dì í mú. Afọlábí yà kúrò lọ́nà fún wọn. Ó dúró títí wọ́n fi sọ̀ kalẹ̀ sí títì, ó gbé kẹ́ẹ̀gì rẹ̀ méjèèjì, ó wọlé.